Linux Ti Wà Lápò Àgbẹ̀ Tipẹ́: Ìtàn OS Fóònù ní Agbègbè Ìbàdàn, àti Ibi Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ti Lè Bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè méjì ló wọ́pọ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Èkíní ni pé, ibo ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ bó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe operating system fóònù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní OS? Èkejì ni pé, nínú gbogbo Linux tó wà níta, èwo ni kéèyàn fi sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀? Bí ẹnì kan bá béèrè, kíá lẹ ó gbọ́ tí ọ̀kan yóò ní Arch, tí òmíràn yóò ní Ubuntu, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n ká rí ẹni tó máa béèrè pé ta ni a fẹ́ ṣe OS ọ̀hún fún.

Ìtàn ni mo fẹ́ fi dáhùn. Ìtàn náà gba Finland àti Amẹ́ríkà kọjá, ṣùgbọ́n ibi tó máa ń padà sí ni àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká: Mọ́níyà àti Àjíbọ́dé ní Akínyẹlé, Lálúpọn àti Ìyànà-Ọ̀fà ní Lágelú, Ẹ̀rúnmu ní Ẹ̀gbẹ́dá, Àkànràn ní Ọ̀nà-Àrà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ ní gàrí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, níbẹ̀ náà sì ni èèyàn ti máa ń lo fóònù kan títí yóò fi gbó. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀pọ̀ fóònù tí a rò pé ó ti bàjẹ́ kò bàjẹ́ rárá, OS inú rẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi sí olùtọ́jú ti mọ ibi tó yẹ kí òun ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí OS fóònù ṣì jẹ́ àṣírí

Kí ọdún 2001 tó dé, NITEL ló ni tẹlifóònù ní Nàìjíríà, gbogbo ìlà tó sì wà káàkiri orílẹ̀-èdè kò ju nǹkan bí 400,000 lọ. Ní oṣù January ọdún náà ni ìjọba ta ìwé àṣẹ GSM, mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di oṣù August, Econet, tó di Airtel lónìí, àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Globacom dé ní 2003, ó sì mú owó ìpè tí wọ́n ń kà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan wá. Bí ẹ bá bi àwọn òbí wa, wọ́n á sọ fún yín nípa àwọn tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn létí títì, àti bí ará oko ṣe máa ń wá ibi gíga dúró sí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé.

Fóònù ìgbà náà ni Nokia 3310, tó jáde ní 2000, àti Nokia 1100, tó jáde ní 2003. 1100 yìí bá ìgbésí ayé oko mu gan-an: ó ní tọ́ọ̀ṣì, bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, eruku kì í sì í tètè wọ abẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀. Ohun tó ju mílíọ̀nù 250 lọ ni wọ́n tà nínú rẹ̀ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n OS inú rẹ̀ jẹ́ ti Nokia nìkan. Kò sí ẹni tó lè ṣí i wò, kò sì sí ẹni tó lè fi nǹkan kún un. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe lè pààrọ̀ ojú rẹ̀ àti ìkarahun rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Nokia kọ náà ni wọ́n tún máa dá padà sínú rẹ̀. Síbẹ̀, ìyẹn kò dun ẹnikẹ́ni, nítorí iṣẹ́ fóònù ọ̀hún kò ju ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Fóònù tó ń pe èèyàn ní 2003 ṣì lè pe èèyàn lónìí níbikíbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G bá ṣì wà.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ní 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò e-wallet kalẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ajílẹ̀ tí ìjọba ń bá àgbẹ̀ san apá kan owó rẹ̀ máa ń há sọ́wọ́ àwọn alágbàtà kó tó dé oko. Nínú ètò tuntun yìí, àgbẹ̀ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ á rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà sórí fóònù rẹ̀, á mú un lọ bá ẹni tó ń ta ajílẹ̀, á sì san ìyókù owó. Kò sí áàpù nínú rẹ̀, fóònù tó kéré jù lọ lè gbà á. Ètò ńlá ti ìjọba àpapọ̀ gun ẹ̀yìn OS kékeré, ó sì rìn.

Linux dé ilé ìwé kó tó dé oko

Ní 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki, fi kernel Linux síta. Ọmọ ọdún 21 ni. Kernel ni ọkàn OS: òun ló ń bá chip, ìrántí àti bátìrì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kernel nìkan kò ṣe é lò, bí ẹ́ńjìnnì nìkan kò ṣe lè gbé èèyàn dé Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń kó kernel yìí pọ̀ mọ́ àwọn ètò yòókù títí yóò fi di odindi ló ń ṣe ohun tí à ń pè ní distribution, tàbí distro ní ìkékúrú. Ian Murdock bẹ̀rẹ̀ Debian ní 1993. Ní October 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé Ubuntu jáde láti ara Debian, ó sì fi ọ̀rọ̀ àwọn ará gúúsù Áfíríkà sọ ọ́ lórúkọ. Láti 2005 títí di 2011, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè lè gba CD Ubuntu lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní àkókò tí à ń ra íntánẹ́ẹ̀tì ní wákàtí-wákàtí ní káfè, àǹfààní ńlá ni CD yẹn.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà kò káwọ́ gbera. Ilé iṣẹ́ Leapsoft ṣe Wazobia Linux, distro tó ń lo Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Ní Ìbàdàn níbí, Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá dá African Languages Technology Initiative sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Alt-I, wọ́n sì ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè gbọ́ Yorùbá àti bí a ṣe lè fi tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Lẹ́tà wa bíi ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode: ẹ ní tirẹ̀, àmì ohùn ní tirẹ̀, OS ló sì gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa gbé ọ̀kan gun orí èkejì. OS tí kò bá mọ̀ ọ́n á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kó fi àpótí òfìfo hàn wá. Bí ẹ bá ti rí Yorùbá tó rí wúruwùru lórí fóònù rí, ọ̀rọ̀ OS àti fọ́ǹtì ni, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó kọ ọ́.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní 2007 tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Nàìjíríà fẹ́ gba 17,000 kọ̀ǹpútà Classmate ti Intel fún àwọn ilé ìwé, Mandriva, distro ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n sì ní kí ó wà nínú wọn. Lẹ́yìn àdéhùn, ìròyìn jáde pé wọ́n fẹ́ yọ Mandriva kúrò kí wọ́n fi Windows rọ́pò rẹ̀, àti pé Microsoft ń bá agbaṣẹ́ṣe tó ń kó ẹ̀rọ náà wá jíròrò lórí 400,000 dọ́là fún ìpolówó. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft, ó fi béèrè ohun tó dé. Lẹ́yìn náà ni Universal Service Provision Fund, àjọ ìjọba wa tó ń sanwó ẹ̀rọ náà, sọ pé Mandriva ni àwọn ṣì fẹ́.

Orí OS tó máa wà nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó bá dé ni ìjà náà dá lé. Ìbéèrè tó ṣòro jù wà lẹ́yìn rẹ̀: bó bá di ọdún mẹ́ta sí i, ta ni yóò máa tún un ṣe ní ilé ìwé tó jìnnà sí títì? Ní 2015, ilé iṣẹ́ Mandriva fúnra rẹ̀ kógbá sílé. Ṣùgbọ́n distro rẹ̀ kò bá a lọ, nítorí pé láti 2010 ni àwọn tó mọ kóòdù rẹ̀ ti mú un ṣe Mageia. Kóòdù tó wà ní gbangba lè yè ju ilé iṣẹ́ tó kọ ọ́ lọ, bí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá wà nítòsí.

Android gbé Linux wọ abúlé

Google ra ilé iṣẹ́ Android ní 2005, fóònù àkọ́kọ́ tó ń lo Android sì jáde ní 2008. Kernel Linux ló wà nídìí rẹ̀. Ní tiwa níbí, Tecno, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ti mọ ohun tí à ń fẹ́: síìmù méjì nínú fóònù kan, bátìrì tó ń pẹ́, owó tó mọ níwọ̀n. Nígbà tí òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, itel àti Infinix, bẹ̀rẹ̀ sí ta Android olówó pọ́ọ́kú, Linux kúrò lórí tábìlì àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó wọ àpò ẹni tó ń ta gàrí lọ́jà. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé Linux ni, kò sì dí i lọ́wọ́.

Ibi tí wàhálà wà ni pé, bí Google bá tún Android ṣe, àtúnṣe náà kì í lọ tààrà sórí fóònù. Ẹni tó ṣe chip gbọ́dọ̀ tún driver rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ṣe fóònù gbọ́dọ̀ fi aṣọ tirẹ̀ wọ̀ ọ́, bíi HiOS ti Tecno tàbí XOS ti Infinix. Lẹ́yìn èyí ló tó kan ẹni tó rà á. Fóònù tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ló sì máa ń kẹ́yìn nínú ìlà yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba update ńlá kankan títí wọn yóò fi gbó. Google mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní August 2015, wọ́n mú Android One wá sí Nàìjíríà pẹ̀lú Infinix Hot 2, wọ́n ṣèlérí pé update yóò máa dé ní kíákíá. Bó bá tiẹ̀ dé, ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ mélòó ló máa ná dátà ọ̀sẹ̀ kan sórí update tí kò mọ ohun tó wà fún?

Ẹ wo bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní June 2017, WhatsApp fi Symbian ti Nokia sílẹ̀. Ní ìparí ọdún náà, ó fi BlackBerry sílẹ̀, fóònù tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa fi ń yangàn. Ní ìparí 2018, ó kan S40 ti Nokia. Ní February 2020, ó kan Android 2.3. Ní November 2021, ó kan Android 4.0. Nígbà tó di October 2023, kò sí Android kankan tó wà nísàlẹ̀ 5.0 tó tún lè lò ó.

Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò sí ohun tó fọ́ lára fóònù kankan. Ojú rẹ̀ ń tàn, ó sì ń pe èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń fi ọjọ́ ìpàdé ránṣẹ́ lórí WhatsApp, oníbàárà tó ń béèrè iye àpò gàrí láti Bódìjà, ọmọ tó ń fi ohùn ránṣẹ́ láti Èkó, ẹni tó ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn níbẹ̀ mọ́, àfi bó bá ra òmíràn. Ẹni tó ń retí ìgbà tí ẹ̀gẹ́ máa gbó kó tó rówó ni a ń sọ fún pé kó lọ ra fóònù nítorí OS.

Wọ́n gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Mozilla kéde Firefox OS ní 2011, fóònù rẹ̀ jáde ní 2013, kò sì pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà tí wọ́n fi kéde pé àwọn kò ṣe é fún fóònù mọ́. Nítorí pé kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, àwọn mìíràn mú un ṣe KaiOS, tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì sórí fóònù oníbọ́tìnnì. MTN náà ta irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kernel Linux náà ló wà nínú ìyẹn. Ó bá àwọn tí bọ́tìnnì ti mọ́ lára mu, owó rẹ̀ kò sì ga. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, WhatsApp fi òun náà sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́nà Mọ́níyà

Kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan ló wà nínú ìtàn yìí. IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà ní Akínyẹlé, lójú ọ̀nà Mọ́níyà. Àwọn onímọ̀ rẹ̀ bá PlantVillage ti Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí Nuru, áàpù Android tó ń wo ewé ẹ̀gẹ́ kó lè sọ bóyá àrùn wà lára rẹ̀, bíi àrùn mósáíìkì tó máa ń ká ewé kò. Nuru kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣe ìdájọ́ yìí, inú fóònù fúnra rẹ̀ ló ti ń ṣe é. IITA tún ṣáájú nínú iṣẹ́ AKILIMO, tó ń gba àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní Nàìjíríà àti Tanzania nímọ̀ràn lórí ajílẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbìn. Yàtọ̀ sí áàpù, wọ́n tẹ ìmọ̀ràn náà sórí ìwé fún àwọn tí kò ní fóònù tó lè gbé e.

Àwọn tó ṣe é wo oko kí wọ́n tó kọ kóòdù. Wọ́n mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí, wọ́n sì mọ̀ pé fóònù ńlá lè má sí. Síbẹ̀, Nuru nílò Android tó ṣì wà láàyè àti kámẹ́rà tí driver rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí OS bá kú, áàpù tó gbọ́n jù lọ náà á dákẹ́. Iṣẹ́ tó kù fún àwa nìyẹn.

Distro wo, àti ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ distro. Ẹ má wo èyí tó lẹ́wà jù, ẹ wo èyí tí ẹ lè tọ́jú pẹ̀lú dátà àti iná tí ẹ ní. Arch kì í dúró, update ni ní gbogbo ìgbà, bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó lè dá wàhálà sílẹ̀. Fedora máa ń jáde ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba àtúnṣe fún nǹkan bí oṣù 13. Debian máa ń jáde ní nǹkan bí ọdún méjì-méjì. Ubuntu LTS náà ń jáde ní ọdún méjì-méjì, ó sì ń gba àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún ọdún 5. Fún ẹni tó ń gbé Àjíbọ́dé tó ń ra dátà fúnra rẹ̀, Debian tàbí Ubuntu LTS ni mo máa gbà nímọ̀ràn. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ti dàgbà, ẹ lo Lubuntu tàbí Xubuntu. Ẹnì kan lè wa fáìlì rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, kí ó gbé e sórí flash, kí gbogbo kíláàsì sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ṣe ń pín CD ìjelòó. Bí ẹ bá ti fi í sórí ẹ̀rọ tán, ẹ wá Nigeria nínú àtòjọ kíbọ́ọ̀dù, ẹ ó rí Yoruba lábẹ́ rẹ̀.

OS fóònù ló kàn. Láti June 2021, orí Linux nìkan ni Google ti fàyè gba kíkọ́ Android láti orí kóòdù rẹ̀, ìdí nìyí tí ìbéèrè méjèèjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ fi jẹ́ ọ̀kan náà. Google ní kí ẹ̀rọ tí ẹ máa fi ṣe é ní àyè 400GB àti RAM 64GB. Mo mọ̀ pé kò sí nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì. Kò yẹ kó dá yín dúró. Bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fi Termux sórí fóònù Android rẹ̀, kó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún Linux. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kékeré lè kọ́ adb àti fastboot, àwọn irinṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kó lọ sórí postmarketOS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, tó sì dúró lórí Alpine Linux, distro kékeré gan-an. Ohun tí àwọn tó dá a sílẹ̀ fẹ́ ni kí fóònù lè lo ọdún 10. Kọ̀ǹpútà lásán lè kọ́ ọ, ẹ sì lè dán an wò nínú fóònù àfarawé kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù gidi. Bó bá jẹ́ Android ni ẹ fẹ́, ẹ ka ìtàn LineageOS, tó dìde ní December 2016 nígbà tí CyanogenMod kú. Fóònù tó jáde pẹ̀lú Android 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ohun tí wọ́n ń pè ní Treble, tó ya Android sọ́tọ̀ kúrò lára driver, ó sì rọrùn díẹ̀ láti pààrọ̀ OS rẹ̀.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá ṣí bootloader, gbogbo ohun tó wà nínú fóònù máa parẹ́, nítorí náà ẹ má fi fóònù ìyá yín kọ́ṣẹ́, ẹ wá èyí tí wọ́n ti pa tì. Àwọn áàpù báńkì kan kì í gbà láti ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí a ti ṣí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ni ín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kernel fóònù yín wà lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, ẹni tó bá tà á gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ rí kóòdù kernel náà gbà. Bí kò bá sí níta, ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tiyín ló kù. Ẹ̀rọ kan péré tó ní RAM 64GB, tó wà níbi tí iná ti ń dúró, tí gbogbo wa lè máa lò láti ọ̀nà jíjìn, máa gba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àìní. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, sí Lálúpọn tàbí Àkànràn, ẹ bèèrè fóònù tí wọ́n ti jù sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, chip rẹ̀ àti nọ́ńbà Android rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ mú un padà wá. A ó fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀.